Hakeem Kò Jẹ Àjẹkù Jordan

"Ká ní Jordan wà níbẹ̀ ni, Hakeem ì bá má rí òrùka kankan fi sọ́wọ́." Níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bá ti ń bá ara wọn jiyàn, ì báà jẹ́ ní Houston tàbí ní Sùúrùlérè, gbólóhùn yìí kì í pẹ́ jáde. Ẹni tó sọ ọ́ kì í wá ẹ̀rí kún un, torí pé lójú tirẹ̀, ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ti parí ẹjọ́. Michael Jordan gba ife NBA, líìgì Amẹ́ríkà tó ń fún ẹgbẹ́ tó borí ní òrùka, ní 1991, 1992 àti 1993. Ó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹwàá 1993, ó lọ gbá bésíbọ́ọ̀lù. Houston Rockets, ẹgbẹ́ Hakeem, gba ife ní 1994 àti 1995. Jordan padà dé, ó tún gba mẹ́ta léra, láti 1996 dé 1998. Wọ́n ní kí la tún ń wádìí? Onílé ló dìde nídìí àwo, ni àlejò fi rí àjẹkù jẹ.

Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ náà kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn Hakeem Olajuwon yìí, òun nìkan ni wọ́n ń fi wọ̀n. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwa gan-an ti kọ́ ọ sórí. Àárín wa ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí, l'Ékòó, ní oṣù Kìíní 1963, ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣòwò sìmẹ́ǹtì. Síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bàtà Jordan lẹ́sẹ̀ á jókòó ní ìsọ̀ onígẹ̀rí, á sì gba ọlá lọ́wọ́ ọmọ ilé rẹ̀ fún ará ìta, láì tíì wo ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn géèmù tó ń dá lẹ́jọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé Hakeem ju Jordan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Jordan ló mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá a, mi ò ní bá a fa ṣòkòtò. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò pé ẹni tí kò sí lórí pápá ni a ó fi díwọ̀n iṣẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù kan wé òmíràn ní pléọ́ọ̀fù, níbi tí ẹgbẹ́ méjì ti ń kojú ara wọn léraléra títí ọ̀kan yóò fi di ẹrù rẹ̀ lọ sílé, kó béèrè ẹni tí onítọ̀hún kojú, kó béèrè àwọn tó bá a gbá a, kó sì wo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú 1995 ṣáájú, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn ti wó. Jordan wà níbẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún náà ló kéde pé òun ti padà. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ó kó pọ́ìntì 55 lé New York Knicks lórí nínú ilé wọn, ní Madison Square Garden. Nígbà tí pléọ́ọ̀fù bẹ̀rẹ̀, Chicago Bulls, ẹgbẹ́ rẹ̀, na Charlotte ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Orlando Magic ní ìpele kejì, Orlando sì fi 4-2 lé wọn dànù. Nínú géèmù àkọ́kọ́ ìpàdé yẹn, nígbà tí géèmù ti fẹ́ parí tí Bulls sì ń síwájú, Nick Anderson gba ẹ̀yìn yọ sí Jordan, ó sì fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Orlando yìí kan náà, tó lé Jordan lọ sílé, ni Houston bá pàdé ní àṣekágbá. Géèmù mẹ́rin péré ni wọ́n gbá. Houston ló borí ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Wọ́n á ní ara Jordan kò tíì yá, pé géèmù 17 péré ló gbá kí pléọ́ọ̀fù tó dé. Òótọ́ ni pé 17 ni. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba pọ́ìntì 31.5 ló ń kó ní géèmù kọ̀ọ̀kan nínú pléọ́ọ̀fù ọdún náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ìlúmọ̀ọ́ká kò kó rí ní gbogbo ayé wọn. Ibi tí Chicago ti jò kì í ṣe ọ̀dọ̀ Jordan. Abẹ́ àwọ̀n ni, níbi tí àwọn òmìrán ti ń ṣiṣẹ́. Horace Grant tó ń bá wọn tọ́jú ibẹ̀ nígbà ife mẹ́ta àkọ́kọ́ ti kó lọ sí Orlando, kò sì sẹ́ni tó lè dá Shaquille O'Neal, òmìrán Orlando, dúró. Bó bá jẹ́ abẹ́ àwọ̀n ni ihò ẹgbẹ́ kan wà, ta ni olóye èèyàn á sọ pé ọjọ́ ti dára fún láti pàdé wọn? Hakeem ni.

Ọ̀nà tí Houston gbà débẹ̀ náà yẹ ní sísọ, torí àwọn tó ń pè é ní àjẹkù kì í sọ ọ́. Ipò kẹfà ni wọ́n wà ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dìde gba ife NBA. Utah tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ti borí nínú géèmù 60 ní sáà yẹn, Phoenix borí ní 59, San Antonio ní 62, Orlando ní 57. Ní gbogbo ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹgbẹ́ kejì ni àǹfààní géèmù ilé wà fún. Phoenix ti fi 3-1 ṣíwájú wọn, ó ku ẹyọ kan kí Houston kó ẹrù, wọ́n sì borí nínú mẹ́ta tó kù. Pọ́ìntì kan ṣoṣo ni wọ́n fi la géèmù keje já, 115 sí 114. Bí wọ́n ṣe ń jẹ àjẹkù kọ́ nìyí.

Ṣùgbọ́n San Antonio ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

David Robinson ti San Antonio ni wọ́n dìbò yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní sáà náà. Ọkùnrin gíga, ó lágbára, ó yára, ó ti gba ẹ̀bùn adènà tó dára jù lọ rí ní 1992. Kí géèmù kejì tó bẹ̀rẹ̀, nínú ilé San Antonio, níṣojú àwọn èrò wọn, wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ náà lé e lọ́wọ́. Hakeem dúró lápá kejì, ó ń wò ó. Òun ló ni ife yẹn ní ọdún tó ṣáájú. Wọ́n fọn fèrè, géèmù bẹ̀rẹ̀, Hakeem sì kó pọ́ìntì 41.

Ẹni tó bá lè rí fídíò rẹ̀ kó wò ó, kó má wo bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ni kó máa wò. Hakeem á gba bọ́ọ̀lù nítòsí àwọ̀n, á kọ ẹ̀yìn sí Robinson. Á ju èjìká kan sí apá ìlà ìsàlẹ̀ pápá bí ẹni fẹ́ gba ibẹ̀ lọ. Robinson á tẹ̀lé èjìká náà. Kó tó kẹ́sẹ̀ jọ, Hakeem á ti yí sí òdìkejì, á gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni fẹ́ jù ú. Robinson á fò. Bọ́ọ̀lù náà kò ní kúrò lọ́wọ́ Hakeem. Á gbé ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ apá Robinson kọjá, á rọra gbé bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nígbà tí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́dún náà ṣì ń bọ̀ wálẹ̀ láti òkè. Kì í ṣe ipá ló fi ṣe é. Ọmọ tó ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ l'Ékòó, tó tún gbá hándíbọ́ọ̀lù kó tó di pé ó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ tó mú lọ sí Amẹ́ríkà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ gíga lọ́hùn-ún. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń gbìyànjú láti fara wé e. Mi ò tíì rí ẹni tó mú un pé.

Géèmù mẹ́fà ni wọ́n gbá. Ohun tí Hakeem kó nínú wọn nìyí: 27, 41, 43, 20, 42, 39. Ìpíndọ́gba rẹ̀ lé ní 35. Ti Robinson kò pé 24. Ní àṣekágbá, Hakeem kojú O'Neal tí agbára rẹ̀ ń bọ̀ lókè nígbà náà, ó fi 32.8 sí 28.0 ṣíwájú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú géèmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí O'Neal ti kó jù ú lọ. O'Neal kò gbá ìgbákugbà o. Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kí iṣẹ́ Hakeem tóbi ni pé ó borí ẹni tó gbá dáadáa.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí 1994, ọdún tí Jordan kò sí lóòótọ́. Ṣé pápá ṣófo? Chicago tí Jordan fi sílẹ̀ borí nínú géèmù 55 ní sáà yẹn, nígbà tó jẹ́ pé 57 ni wọ́n borí lọ́dún tó ṣáájú nígbà tó wà pẹ̀lú wọn. Ẹgbẹ́ tó lágbára ni wọ́n ṣì jẹ́, Scottie Pippen, igbákejì Jordan, sì wà níbẹ̀. Géèmù méje gbáko ni New York fi lé wọn jáde. New York yìí ni Hakeem pàdé ní àṣekágbá, ó sì tún fi géèmù méje borí wọn.

Sẹ́ńtà wọn, òmìrán tó ń ṣọ́ abẹ́ àwọ̀n, Patrick Ewing, kì í ṣe àlejò sí Hakeem. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 1984, Georgetown tí Ewing ń gbá fún ló na yunifásítì Houston tí Hakeem ń gbá fún ní àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1994, nínú géèmù méje, kò sí èyí tí Ewing ti kó pọ́ìntì ju Hakeem lọ. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 26.9 sí 18.9. Ibi tí ọkàn mi ti máa ń fò sókè ni ìparí géèmù kẹfà. New York ti borí nínú mẹ́ta, ìkan ló kù kí wọ́n gbé ife. Houston fi 86 sí 84 ṣíwájú, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, John Starks tó ti ń jù ú wọlé ṣáá lọ́jọ́ náà fò, ó ju bọ́ọ̀lù oní-pọ́ìntì-mẹ́ta. Hakeem ti abẹ́ àwọ̀n jáde wá bá a lọ́nà jíjìn níbi tí àwọn sẹ́ńtà kì í dé, ó fi ìka kan bọ́ọ̀lù náà lẹ́nu àìpẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ Starks. Bọ́ọ̀lù náà kò dé àwọ̀n. Houston wá parí iṣẹ́ ní géèmù keje, 90 sí 84.

Ní sáà kan ṣoṣo yẹn, Hakeem gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ, ó gba ti adènà tó dára jù lọ, ó tún gba ti ẹni tó pegedé jù lọ ní àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí, Jordan náà kò ṣe é. Kò sì sí ẹlòmíì nínú Houston tí wọ́n pè sí géèmù àwọn àyànfẹ́ lọ́dún náà. Otis Thorpe, Kenny Smith, Vernon Maxwell, Robert Horry, Sam Cassell tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì: ọmọ dáadáa ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí Pippen láàárín wọn. Ẹ̀yìn ọdún náà ni ìlúmọ̀ọ́ká Clyde Drexler tó dé, ní oṣù Kejì 1995. Iṣẹ́ tí kóòṣì Rudy Tomjanovich fún wọn kò le: wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù fún Hakeem, bí adènà méjì bá ya lù ú, á taari bọ́ọ̀lù síta fún ẹni tó dúró láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Òun ni òpó tí gbogbo rẹ̀ gbé lé.

"Ṣùgbọ́n ká ní Jordan wà ńkọ́?" Bí wọ́n bá fi dandan lé ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kúkú wo èyí tó ṣẹlẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ní sáà mẹ́ta tí Bulls fi gba ife mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn, Houston àti Chicago pàdé ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín sáà. Houston borí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo mọ̀ pé géèmù àárín sáà kì í ṣe pléọ́ọ̀fù, mo sì mọ̀ pé Houston kò rọ́nà jáde ní Ìwọ̀-Oòrùn láwọn ọdún yẹn. Ní 1992, wọn kò wọ pléọ́ọ̀fù rárá. Ó ṣeé ṣe kí Jordan borí bí wọ́n bá pàdé ní oṣù Kẹfà. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ bí ohun tó dájú. Nínú àṣekágbá mẹ́fà tí Jordan gbá, kò sí ọ̀kan tó ti rí sẹ́ńtà tó tó Hakeem níwájú rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tí kò sí ni a ó máa kà, kí a ka ti gbogbo ayé. Ní 1991, nínú géèmù tí Jordan fi gba òrùka rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Los Angeles Lakers, James Worthy àti Byron Scott kò lè gbá nítorí pé wọ́n ti fara pa. Ta lẹ gbọ́ tó fi ìyẹn bu òrùka náà kù? Kò sí. Kò sì yẹ kó sí. Ẹni tó wà lórí pápá ni Jordan nà.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni àṣà kíka òrùka. Wọ́n á ní mẹ́fà nínú mẹ́fà ni ti Jordan, Hakeem ní méjì, LeBron James sì ti pàdánù àṣekágbá mẹ́fà, bí ẹni pé ó sàn kéèyàn ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́ ju kó dé àṣekágbá kó tó ṣubú lọ. Ní sáà mẹ́ta àkọ́kọ́ Jordan, géèmù mẹ́wàá ni Chicago gbá ní pléọ́ọ̀fù. Ẹyọ kan ni wọ́n borí. Mẹ́fà nínú mẹ́fà kò ka ìwọ̀nyẹn. Robert Horry tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní òrùka méje, ọ̀kan ju ti Jordan lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹ̀bùn àṣekágbá sílẹ̀ ní 1969 mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: Jerry West ni wọ́n fún, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni Boston nà.

Ẹ wo 1986. Jordan kó pọ́ìntì 63 ní ilé Boston Celtics, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, Boston sì gbá wọn dànù láì jẹ́ kí wọ́n borí kankan. Gbogbo ayé ló mọ 63 yẹn, ó sì tọ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní pléọ́ọ̀fù ọdún kan náà, Hakeem, nínú sáà rẹ̀ kejì, bá Ralph Sampson, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, lé Lakers tó gba ife ọdún tó ṣáájú jáde, 4-1, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí Boston yẹn náà ti fi 4-2 nà wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú géèmù tí Seattle fi lé wọn lọ sílé lẹ́yìn àfikún àkókò méjì, Hakeem kó pọ́ìntì 49, ó sì gba bọ́ọ̀lù tó ta padà lára irin àwọ̀n ní ìgbà 25. Ní 1988, ìpíndọ́gba 37.5 ló kó sí Dallas nínú géèmù mẹ́rin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù mẹ́ta nínú wọn. Nígbà náà Sampson ti lọ, líìgì sì ti lé méjì nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn síta nítorí oògùn olóró. Ìpàdánù Jordan di ìtàn akọni, ti Hakeem di ìgbàgbé. Ìpàdánù ni ìpàdánù ń jẹ́. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ọjà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ Nike ní bàtà Jordan láti tà, wọ́n sì ń tà á títí di òní. Ìgbà tí Hakeem fẹ́ gbé bàtà tirẹ̀ jáde ní àárín ọdún 1990 sí 1999, Spalding ló bá ṣe é, iye rẹ̀ kò sì ju dọ́là ọgbọ̀n-ó-lé díẹ̀ lọ, kí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lè rí i rà. Inú mi dùn sí ìpinnu yẹn ju ọ̀pọ̀ ife lọ. Ṣùgbọ́n bàtà olówó pọ́ọ́kú kì í bí ìpolówó ọjà fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí fíìmù The Last Dance jáde ní 2020, ìran tuntun tún jókòó, apá mẹ́wàá, wọ́n gbọ́ ìtàn àkókò náà láti ẹnu Jordan. Ìtàn tirẹ̀ ló ń sọ, mi ò bá a wí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán tó rò pé òun ti gbọ́ ìtàn gbogbo líìgì ni mo ń bá wí.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń jiyàn yìí kì í fara balẹ̀ rò. Ọdún kan náà, 1984, ni Hakeem àti Jordan wọ NBA. Houston ló kọ́kọ́ yàn, Hakeem ni wọ́n mú. Portland yàn ṣìkejì, wọ́n mú Sam Bowie. Chicago wá mú Jordan ní ipò kẹta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi Portland ṣe ẹlẹ́yà pé wọ́n fi Jordan sílẹ̀, ẹlẹ́yà náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Houston ló kọ́kọ́ fi Jordan sílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn, kódà lẹ́nu àwọn tó ń sọ pé Jordan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda òrùka méjì yẹn.